Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

Àwọn baba wa ló sọ ọ́: ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Wọn ò ní kí ọba gé apá, wọn ò sì ní kí ó bẹ́ orí. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni àwa dúró lé: àwa ìyá tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi àti Kirikiri, àwa lọ́yà, àwa tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, àti àwa tí olè ti jà rí. Ohun kan ṣoṣo la ń béèrè: kí ìjìyà ní òṣùwọ̀n ní Nàìjíríà.

Ẹ wo ẹjọ́ méjì. Ní ọdún 2010, ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìròyìn ní ọmọ ọdún 17 ni. Ilé ẹjọ́ ní ìdigunjalè ni. Adìẹ àti ẹyin ni ìlú gbọ́ pé wọ́n kó. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Gómìnà Ademola Adeleke tó pàṣẹ pé kí wọ́n dárí jì í.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ gíga l'Ábújá pé òun wà lára àwọn tó kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá jẹ, owó tó wọ ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni wọ́n dá fún un, tàbí kó san 750,000 náírà. Ó san án. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 6.

Nínú ẹjọ́ kìíní, ọba ní kí wọ́n bẹ́ orí. Nínú èkejì, fún odidi ọdún márùn-ún, ọba ò ju kó rẹ́ èékánná lọ.

A kò di gbogbo ẹ̀bi ru adájọ́. Ìjọba ológun ló gbé òfin ìdigunjalè kalẹ̀ ní 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ìbọn sì wà káàkiri ìgboro. Bí ẹ̀rí bá ti fi hàn pé ẹnì kan gbé ohun ìjà jalè, ikú ni. Ó pààyàn o, kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni o, ọ̀kan náà ni. Ogun ti tán tipẹ́. Ìjìyà dandan yẹn ṣì wà nínú òfin.

Nítorí náà, ohun tí a gbà gbọ́ tí a sì ń béèrè nìyí:

1. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà ìdájọ́ tó wà ní àkọsílẹ̀: ibi tí adájọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tó lè fi kún ìjìyà, àti ohun tó lè dín in kù. Kí ará ìlú sì lè rí i kà ní Yorùbá.

2. Kí adájọ́ kọ ìdí tó fi dá iye ọdún tó dá. Iye tí kò ní ìdí, bí ẹni ta ayò ni.

3. Kí ìdájọ́ ikú tó jẹ́ dandan kúrò nínú òfin. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Uganda ti sọ ọ́ ní 2009, ti Kenya sọ ọ́ ní 2017: adájọ́ gbọ́dọ̀ láǹfààní láti wo ẹni tó dúró níwájú òun.

4. Kí owó ìtanràn wo àpò ẹni. Owó tí olówó fi ń ra epo sí mọ́tò lè sọ alágbàṣe di ẹlẹ́wọ̀n.

5. Kí wọ́n ka gbogbo ọjọ́ tí ènìyàn ti lò ní àtìmọ́lé mọ́ ìjìyà rẹ̀. Ó ju ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n wa lọ tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí.

6. Kí ẹni tó ṣẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ṣe iṣẹ́ ìlú, kó sì san ohun tó bàjẹ́ padà fún ẹni tó ni ín. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ti fàyè gba iṣẹ́ ìlú. Ó sì ti ní kí wọ́n má fún ẹni tó ṣẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ní ìjìyà tó ga jù. Ṣíṣe ló kù.

A kò gbàgbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Wọ́n ti já ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan lára wa lórí lóru, ẹ̀rù ìró ẹsẹ̀ kò sì tíì kúrò lára wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ọdún 10 kò dá ewúrẹ́ kan padà sí agbo. Ọmọ tó wọ ẹ̀wọ̀n nítorí fóònù, tó gbé àárín àwọn ògbólógbòó fún ọdún mẹ́ta, àdúgbò wa náà ni yóò padà wá. Irú ẹni tí a fẹ́ kó jẹ́ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ ìdájọ́ ni a ti ń pinnu rẹ̀.

Ẹ̀yin aṣòfin l'Ábújá, ẹ tún òfin ìdigunjalè gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀yin adájọ́ àgbà ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, ẹ gbé ìlànà sí gbangba, kí gbogbo ilé ẹjọ́ sì máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá jókòó sí ilé ẹjọ́ àdúgbò yín, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún sí ọmọ ọlọ́mọ lórí.

A kò ní kí ọba má gé ìka. A ní kó wo ìka náà dáadáa kó tó fa ọ̀bẹ yọ.