Ta Ló Tà Wá? Ẹjọ́ Tí Ọjà Apòmù Ti Dá Sílẹ̀

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá sì ni baba ìtàn. 

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu wa, lẹ́nu ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù. Níbikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ òwò ẹrú, tí ẹnìkan sì sọ pé ó yẹ kí àwọn Òyìnbó san owó gbà-máà-bínú fún ohun tí wọ́n fi ojú Adúláwọ̀ rí, kíá ni ẹlòmíràn nínú wa yóò dìde. Yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn baba wa ló tà wá. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani." Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, yóò jókòó, bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Ẹjọ́ kò tíì parí o. Ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sí ibi tí a ti lè gbọ́ ọ dáadáa, èyíinì ni Apòmù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, Ìkirè àti Apòmù wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Apòmù sì ni ti Ìsọ̀kan. Dòdò Ìkirè ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò mọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ilẹ̀ tí ọkọ̀ wọn ń tẹ̀ kọjá ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹjọ́ tí a ń pè ní "ta ló tà wá" yìí.

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó bẹ̀rẹ̀, ọjà ńlá ni Apòmù. Abẹ́ Ifẹ̀ ni ìlú náà wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Òwu àti Ifẹ̀ ti ń pàdé láti ná ọjà. Ibi tí èrò bá sì pọ̀ sí, ibẹ̀ ni gbọ́mọgbọ́mọ máa ń ba sí. Wọ́n ń jí àwọn oníṣòwò gbé, pàápàá àwọn ará Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Aláàfin Abíọ́dún. Ọba ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni àti sí Olówu pé kí wọ́n fòpin sí i. Ọọ̀ni sì pàṣẹ fún Baálẹ̀ Apòmù pé kí ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Samuel Johnson ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí sílẹ̀ fún wa nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ọmọ ọba kan ní Ọ̀yọ́, Awólẹ̀ lórúkọ rẹ̀, máa ń ṣòwò ní agbègbè náà. Ní ọjọ́ kan, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá sí ọjà Apòmù. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Baálẹ̀ wádìí rẹ̀, ó rí i pé ọmọ ọba ni ọ̀daràn, síbẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ pa ojú dé. Nítorí ipò rẹ̀, wọ́n dín ìyà rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n wọ́n nà án ní ẹgba gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àwọn tí ń sọ pé "àwọn baba wa ló tà wá", mo fẹ́ bi wọ́n: baba wo? Awólẹ̀ tó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀, baba wa ni. Ọ̀rẹ́ tí ó tà, baba wa ni òun náà. Baálẹ̀ tó na ọmọ ọba nítorí ẹni tí wọ́n tà, baba wa ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú àpò kan, tó so ó lẹ́nu, tó pè é ní "àwa", òótọ́ kọ́ ló sọ. Ó ti fi olè, ẹni tí olè jà lólè àti ọlọ́dẹ tó mú olè sínú àtìmọ́lé kan náà.

Ẹnìkan lè wí pé ẹrú wà láàárín wa kí Òyìnbó tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. A ní ẹrú, a ní ìwọ̀fà, ẹni tí wọ́n mú lójú ogun kì í sáàbà padà sílé. N kò ní sọ pé oko ẹrú dùn níbikíbi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa náà ló sọ pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni ẹrú, ọmọ ẹnìkan sì ni. Òfin àwọn Òyìnbó ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn erékùṣù tó yí i ká yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹrú di dúkìá bí ẹṣin àti màlúù, ọmọ tí ẹrúbìnrin bá sì bí, ẹrú ni láti inú oyún. Wọ́n wá so ìdè náà mọ́ àwọ̀ ara, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́rùn, wọn kò já a kúrò lára àwọ̀. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà òde òní ti gbilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Apòmù. Abíọ́dún wàjà ní nǹkan bí 1789, Awólẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Kò gbàgbé ẹgba. Ó bèèrè bóyá Baálẹ̀ Apòmù ṣì wà láàyè. Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́, ó sá lọ sọ́dọ̀ Ọọ̀ni. Nígbà tí ó sì rí i pé òun yóò kó bá ìlú, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láti tu ọba lójú. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò parí. Ìjà ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń le sí i. Àwọn ìjòyè ogun yí padà sí i, wọ́n sì ní kí ó kú. Kí ó tó kú, ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ṣépè pé ọ̀nà tí ọfà òun bá gbà ni kí wọ́n máa kó wọn lẹ́rú gbà lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé èpè yìí ló kó Yorùbá lọ sí oko ẹrú. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí agbára èpè. Ṣùgbọ́n èpè kò kan ọkọ̀ ojú omi, èpè kò rọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, èpè kò sì ní oko ìrèké. Ní 1791, àwọn ẹrú dìde ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Haiti lónìí, wọ́n sì gba òmìnira wọn ní 1804. Bí oko ìrèké ibẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn olóko Kúbà àti Bùràsíìlì rí àyè láti gbilẹ̀, wọ́n sì ń wá ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́ ń wó lọ. Lára àwọn tó ju mílíọ̀nù 12 lọ tí wọ́n kó sọdá òkun láti ilẹ̀ Adúláwọ̀, àsìkò yìí ni wọ́n kó púpọ̀ jù nínú ọmọ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó ní Bùràsíìlì àti Lùkùmí ní Kúbà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ta ló gba epo náà sílẹ̀?

Ohun tí ọjà yìí sọ wá dà tún wà nínú ogun Òwu. Nígbà tí jíjí ènìyàn gbé ní Apòmù kò dáwọ́ dúró, àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ bẹ Òwu pé kí ó fìyà jẹ àwọn tó ń ṣe é. Òwu kọlu àwọn ìlú ọjà Ifẹ̀, Apòmù sì wà lára wọn. Lẹ́yìn náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Apòmù kan náà láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú, lórí ataare. Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, wọ́n gbé ìbọn tí wọ́n rà láti etíkun lọ bá Òwu tó ń fi àdá jà. Òwu fọ́ ní nǹkan bí 1822, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀ dó síbẹ̀. Ogun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti dá gbọ́mọgbọ́mọ lẹ́kun ló wá sọ àìmọye ènìyàn di ẹrú. Níbi tí ìbọn bá ti jẹ́ owó ènìyàn, tí ènìyàn sì jẹ́ owó ìbọn, òfin Baálẹ̀ kan kò lè dúró.

Ní 1821, nínú rúkèrúdò tó tẹ̀lé wíwó Ọ̀yọ́, wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn. Ọkọ̀ Potogí ni wọ́n kó o sí ní Èkó ní 1822 kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tó sì gbé e lọ sí Sàró. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Johnson tó kọ ìtàn wa náà, Sàró ni wọ́n ti bí i. Ṣé àbọ̀ yìí wá tó? Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́mọdé ajíyìnrere aláwọ̀ funfun dojú ti bàbá arúgbó yìí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní odò Ọya. Ó kú ní 1891, aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú, kò bọ́ lọ́wọ́ àwọ̀ rẹ̀.

Owó ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ìdásílẹ̀ ẹrú ní 1833, wọ́n ya mílíọ̀nù pọ́n-ùn 20 sọ́tọ̀. Àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n san án fún. Ẹni tí wọ́n fi ẹgba bẹ́ lẹ́yìn kò gba kọ́bọ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n tó san gbèsè owó náà tán. Àwọn kan náà ló sọ pé nítorí òwò ẹrú ni àwọn ṣe yìnbọn sí Èkó ní 1851, wọ́n sì gba Èkó pátápátá ní 1861. Oníbàárà àná di adájọ́, ó sì fi ilẹ̀ ṣe owó ìdájọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí ọ̀rọ̀ "àwa la ta ara wa" yẹn. Nígbà tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń jà fún owó gbà-máà-bínú, tí wọ́n sì ṣe àpérò rẹ̀ ní Àbújá ní 1993, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn kan fi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi ìdájọ́ òdodo àti gbà-máà-bínú ṣe kókó ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀bi ẹni tó tà kò pa ẹ̀bi ẹni tó rà rẹ́.

Ṣùgbọ́n idà mi lójú méjì o. Ẹni tó bá ní Òyìnbó nìkan ló jẹ̀bi, òun náà ń purọ́. Awólẹ̀ kì í ṣe Òyìnbó. Ẹ̀fúnróyè Tinúbú tó ta ènìyàn ní Èkó, orúkọ rẹ̀ wà ní gbàgede ńlá kan níbẹ̀ títí di òní. Orúkọ Baálẹ̀ Apòmù ńkọ́? Oyè rẹ̀ nìkan ni Johnson mẹ́nu kàn. Àwa tí a ń béèrè ìdájọ́ lọ́wọ́ ayé, a ṣì ń fi "ọmọ ẹrú" bú ara wa, a sì ń fi ìtàn ìran dí ìgbéyàwó lọ́wọ́. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010, ìjọba wa fúnra rẹ̀ yọ ìtàn kúrò lára ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ọdún sì gorí ọdún kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Ọmọ tí kò mọ̀ pé baba rẹ̀ kan kọ̀ láti ta ènìyàn, kí ni yóò fi dá ẹlẹ́yàmẹ̀yà lóhùn?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkirè àti Apòmù, ẹ̀yin ọba àti ìjòyè ibẹ̀, ọwọ́ yín ni ìtàn yìí wà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ti Baálẹ̀ kí ẹ tó kọ́ wọn ní ti èpè ọba. Ẹ gbé òkúta kan dúró fún un lójú ọjà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnìkan bá tún sọ lójú yín pé àwọn baba wa ló tà wá, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Baba wo?" Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn ìyẹn ná.