Ilé-Ẹ̀kọ́ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: Àṣẹ Jìnnà sí Ibi Tí Òrùlé Ti Ń Jò

Ìṣàbójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni iṣẹ́ tí òfin gbé lé àwọn kan lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, kí wọ́n mọ bí olùkọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ná owó tí ó wọlé, àti bí òrùlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi tí àwọn ọmọ ń lò ṣe wà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, iṣẹ́ yìí ti pín sí ọ̀pọ̀ ọwọ́ débi pé òbí tí ó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ tàbí ní Àpápá kò lè nàka sí ẹnì kan ṣoṣo pé ẹni tí yóò dá òun lóhùn nìyí. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé àwọn tí wọ́n sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ń rí ohun tí ó bàjẹ́ ṣùgbọ́n àṣẹ kò sí lọ́wọ́ wọn, àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn sì jìnnà ju ẹni tí ó lè rí i lọ.

Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò kópa nínú pípèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "kópa" ni gbogbo awuyewuye rọ̀ mọ́, nítorí ẹni tí ó kópa nínú iṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ó ni iṣẹ́. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004, tí ó sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, gbé àjọ kan kalẹ̀ ní Àbújá, èyí tí í ṣe UBEC, tí ó ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó ìkọ́lé bí ìpínlẹ̀ bá ti kó iye kan náà sílẹ̀. Ó gbé òmíràn, SUBEB, kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti gba olùkọ́ síṣẹ́ kí ó sì máa bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó sì fi ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, tí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ jẹ́ olórí rẹ̀, sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ girama, Ìpínlẹ̀ Èkó pín ara rẹ̀ sí ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Ẹkùn kẹrin ni Àpápá wà pẹ̀lú Sùúrùlérè àti Lagos Mainland, nígbà tí Ajégúnlẹ̀, tí ó wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, wà ní ẹkùn karùn-ún pẹ̀lú Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, Ọ̀jọ́ àti Àgbádárìgì. Àwọn ọmọ tí ń kọjá lára ara wọn láàárọ̀ ní Boundary, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pààlà, tí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà kan náà ń ta sí aṣọ wọn, wà lábẹ́ ọ̀gá tí ọ̀kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe.

Orúkọ Boundary yẹn kò dédé wáyé, ìtàn rẹ̀ sì kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, Àpápá wà lábẹ́ olú-ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣàkóso, Ajégúnlẹ̀ sì jẹ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí ìdí èyí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 1955 kan Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1957 kí irú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní apá tí Àpápá wà. Nínú ètò Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní ipa nínú bí wọ́n ṣe ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, débi pé ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní àdúgbò rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọnù láti ìgbà náà wá nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ilé-ẹ̀kọ́ ti pọ̀ sí i.

Ó yẹ kí á fi ìyìn fún ẹni tí ó tọ́ sí. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó ìgbà náà, fòpin sí ètò tí àwọn ọmọ kan fi ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ tí àwọn mìíràn sì ń lọ lọ́sàn-án, ó sì kọ́ kíláàsì púpọ̀ ní kíákíá. Àwọn alátakò rẹ̀ fi àwọn ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tálákà rí ibi jókòó kàwé ní àárọ̀ bí àwọn ọmọ yòókù. Ohun tí ìjọba kan tẹ̀ lé òmíràn kò ṣe ni pé kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa tún àwọn ilé náà ṣe. Ilé tí a kọ́ tí a kò yan olùtọ́jú fún, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ni ó ti ń wó.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ojú díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ òjò bá ká páànù méjì kúrò lórí kíláàsì kẹrin, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò kọ lẹ́tà sí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́; Akọ̀wé yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí SUBEB ní Maryland; ó di ìgbà tí oníṣẹ́-ẹ̀rọ bá wá wọn ilé náà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ ìṣúná, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún kọngilá, kí ẹnikẹ́ni tó gun orí ilé náà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, òjò kò dúró. Àwọn ọmọ yóò fa bẹ́ǹṣì wọn sí igun tí kò jò, mẹ́rin yóò há mọ́ ibi tí a ṣe fún méjì, omi yóò máa ṣàn wá sílẹ̀ lára pátákó ìkọ̀wé títí ṣọ́ọ̀kì kò fi ní mú un mọ́, olùkọ́ yóò sì kó wọn pọ̀ mọ́ kíláàsì karùn-ún. Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́ yóò dáwó, wọn yóò wá káfíńtà àdúgbò kan tí yóò kan páànù àlòkù mọ́ ọn. Òbí tí òfin sọ pé kò ní san kọ́bọ̀ ni ó san án, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ilẹ̀ àbàtà tí ó rẹlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ apá Ajégúnlẹ̀, omi kì í sì í tètè gbẹ níbẹ̀, nítorí náà páànù méjì tí ó ṣí kò jọ páànù méjì tí ó ṣí ní orí òkè.

Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Tolú ní Ajégúnlẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí á dúró lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ni wọ́n kó sínú ọgbà kan ṣoṣo níbẹ̀. Nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri, géètì, gọ́tà àti kànga kì í ṣe ti ẹnìkan. Àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ SUBEB, àwọn onígirama wà lábẹ́ ẹkùn ètò ẹ̀kọ́, bí gọ́tà bá sì dí, oníkálukú á ní ti ẹnì kejì ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbé iṣẹ́ àtúnkọ́ ńlá ṣe ní Tolú ní ọdún àìpẹ́ yìí, iṣẹ́ gidi ni, ó sì tọ́ kí gbogbo ará Ajégúnlẹ̀ yọ̀ sí i. Ìbéèrè tí ó kù ni ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i, ta ni yóò ra ọṣẹ àti epo ẹ̀rọ omi, àti orúkọ ta ni ìyá ọmọ yóò dá bí ẹ̀rọ náà bá kú.

Ìwé ìròyìn yìí kò sọ pé kí wọ́n kó gbogbo agbára lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ láìwẹ̀yìn. Wọ́n ti dán an wò rí. Ní ọdún 1991 ìjọba ológun fa ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó oṣù olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di gbèsè, ìyanṣẹ́lódì gba gbogbo ilẹ̀, ó sì di dandan kí Òfin 96 ti ọdún 1993 dá àjọ àpapọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ padà. Kókó ibẹ̀ ni pé wọ́n fún alága ìjọba ìbílẹ̀ lówó láìfún ará àdúgbò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ó ṣe ná an. Ọ̀rọ̀ yìí tún ti dé báyìí, nítorí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 2025 sì ti gbé àwọn alága tuntun wọlé ní Èkó. Bí owó bá ń bọ̀ ní tààrà, ojú tí yóò ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà ní tòsí pẹ̀lú.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ wà lórí ìwé. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ètò orílẹ̀-èdè ti sọ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀, tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, òbí, akẹ́kọ̀ọ́jáde, baálẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò yóò jókòó sí. Ìgbìmọ̀ yìí lè dámọ̀ràn, ó lè dáwó, ṣùgbọ́n kò lè dá kọngilá tí ó ṣe iṣẹ́ jíbití dúró. Kí ìpínlẹ̀ pa á láṣẹ pé kò ní sí owó ìkẹyìn fún kọngilá kankan láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ parí, àti pé kí wọ́n kọ iye owó iṣẹ́ náà àti orúkọ ẹni tí ó gbà á sára pátákó ní ẹnu géètì, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, torí pé oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó ń gbé Ajégúnlẹ̀. Ìjókòó àwọn obìnrin nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun: nígbà tí ìlú London yan ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1870, àwọn obìnrin láǹfààní láti dìbò àti láti wọlé, ní àsìkò tí wọn kò tíì lè dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn ìyá ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, tí àwọn gan-an ń kó ọmọ lọ tí wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, tọ́ sí ìjókòó tí ó ju kí wọ́n kàn pè wọ́n sí ìpàdé ìdáwó lọ.

Níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bá kún tàbí tí ó bàjẹ́, òbí tálákà á sá lọ sí ti aládàáni tí ó wà nínú ilé gbígbé. Èkó kò gbọdọ̀ gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ọdún 2019, tí ilé kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ sì lọ sí i. Àìbójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó ń ti àwọn ọmọ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Kí àwọn alága Àpápá àti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, pẹ̀lú àwọn Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ méjèèjì, ṣe ìjókòó gbangba lẹ́ẹ̀kan ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ipò òrùlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan síta, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè níbẹ̀. Kí SUBEB àti ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ kẹrin àti karùn-ún rán aṣojú tí ó lè fọwọ́ síwèé wá. Kí ìjókòó àkọ́kọ́ wáyé kí òjò tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ní gbọ̀ngàn tí ìyá tí ó ń tajà ní Boundary lè fẹsẹ̀ rìn dé, ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ó ti palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́.