Ẹ̀wà Tí Ń Pa Èkan

Ọ̀rọ̀ oko ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí.

Gbogbo ẹni tí ó ti fọwọ́ kan ọkọ́ rí ni ó mọ èkan, koríko ẹlẹ́nu ṣónṣó tí àwọn bàbá wa fi ń bo ilé. Bí a bá ro ó lónìí, kì í pẹ́ tí yóò tún fi yọrí, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn sí. Ibi tí ó bá sì ti gba oko, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti ṣá, wọn kò jẹ́ kí ó sinmi tó.

Ìyà yìí gan-an ni ó ń jẹ àwọn ará Aja ní ìgbèríko Mono, ní Orílẹ̀-èdè Benin tí í ṣe aládùúgbò wa, ní nǹkan bí ọdún 1987. Èèyàn pọ̀, ilẹ̀ kò tó, kò sí ẹni tí ó lè fi oko sílẹ̀ kí ó di igbó mọ́. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá bá wọn lóko (èyí wù mí, nítorí ọ̀pọ̀ a máa jókòó sí ọ́fíìsì), wọ́n sì fún wọn ní irúgbìn kan tí à ń pè ní mùkúnà. Ọmọ ìyá wèrèpè ni, ṣùgbọ́n èyí kì í yún ni lára. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà fẹ́ ni pé kí ó dá ọ̀rá padà sínú ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ibi tí ó bá fà bò, èkan ibẹ̀ kì í rí oòrùn, a sì kú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mùkúnà a gbẹ, ewé rẹ̀ a tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní; nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n a gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀.

Ìròyìn náà ràn bí iná ọyẹ́. Ẹgbẹ́ Sasakawa Global 2000, tí owó rẹ̀ ń ti Japan wá, dá sí i: wọ́n ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ń ra irúgbìn lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1996, àwọn tí ń gbìn ín ti tó bí 10,000.

Nígbà tí kò sí ẹni tí ń ra irúgbìn mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn pa á tì. Ẹ má tíì bú wọn. Mùkúnà kì í ṣe ẹ̀wà tí à ń dà sínú ìkòkò; oògùn kan wà nínú kóró rẹ̀ tí ń fa èébì àti ìdàrú ọkàn. Ó sì ń gba ilẹ̀ ní àsìkò àgbàdo arọ́kúrọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń retí oúnjẹ, ọ̀rá ilẹ̀ ọdún tí ń bọ̀ ha lè tó fún un bí?

Ní tèmi, ti obìnrin ni ó wúwo jù. Púpọ̀ nínú wa, ilẹ̀ àyálò ni a fi ń dáko. Ta ni yóò fi odidi ọdún tọ́jú ilẹ̀, kí onílẹ̀ wá gbà á nígbà tí ó bá dára tán?

Owó ìrànwọ́ dára, kò ní èlé bí ẹ̀yáwó. Ẹgbẹ́ tí ó bá rí i, kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi àwọn tí ó mú un wá pé: bí ẹ bá padà sílé, ta ni yóò máa ra ohun tí a gbìn? Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ sọ iye ọdún tí ilẹ̀ yóò fi wà lọ́wọ́ ìyàwó yín, kí ẹ sì sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí ó bá rí irúgbìn mùkúnà gbà, kí ó so ó lọ́tọ̀, kí ó gbé e jìnnà sí ẹ̀wà jíjẹ, kí ọmọ má baà sè é.