Ìwé ilé-ìkàwé tó sọnù: ta ni yóò san án?

Ẹjọ́ kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ìparí sáà ẹ̀kọ́. Kì í dé kóòtù, kì í sì í dé ààfin, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí àárín ilé àti ilé-ìwé tòrò. Ọmọ yá ìwé ní ilé-ìkàwé, ìwé náà kò padà síbẹ̀ mọ́. Olùkọ́ ní kí ó mú ìwé wá, bí kò bá sí ìwé, kí ó mú owó wá. Ọmọ délé, ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè sọ fún bàbá, ìyá ló sọ fún. Ìyá ní kí wọ́n ní sùúrù di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìwé, olùkọ́ ti búra pé òun kò ní í yá ẹnikẹ́ni ní ìwé mọ́, wọ́n sì ti fi àgádágodo sí ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹni tó bá ti gbàgbé ipò tí ìwé wà ní Abẹ́òkúta. Ìlú yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọdún 1859, nígbà tí kò tíì sí ìwé ìròyìn kankan níbòmíràn ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọmọ Ìbarà ni Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ, tó kọ ìwé Aláwíyé tí àìmọye àwọn tó ń ka ojú ewé yìí fi mọ ìwé Yorùbá kà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Amos Tutùọlá sí ní 1920. Kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ ní ilé-ìwé, síbẹ̀ ìwé tó kọ jáde ní London ní 1952. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí Wọlé Ṣóyínká sí ní 1934, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ní àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó àwọn obìnrin ọjà jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, àwọn obìnrin náà ni wọ́n sì jọ dìde lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Láyé ìgbà náà, ẹni tó lè fi owó ara rẹ̀ ra gbogbo ìwé tó fẹ́ kà kò pọ̀. Yíyá ni ọ̀pọ̀ ń yá a.

Àwọn àgbà tó lọ sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955 yóò rántí bí wọ́n ti ń yá ìwé níbi tí ilé-ìkàwé bá ti wà. Bí ìwé tuntun bá dé, olùkọ́ á kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà ńlá: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ìwé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, iye tí wọ́n rà á. Á tẹ òǹtẹ̀ ilé-ìwé sí ojú ewé àkọ́kọ́, á tún tẹ̀ ẹ́ sí àárín ìwé níbi tí olè kò ní í tètè rí. Á lẹ àpò kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, á ki káàdì kan bọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ yá a á kọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ sí káàdì náà, olùkọ́ á yọ ọ́ sọ́wọ́, á sì tẹ ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ padà sí bébà tó wà lẹ́yìn ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọjọ́ tí ìwé bá padà, káàdì padà sínú àpò rẹ̀. Káàdì tó bá ṣì wà nínú àpótí olùkọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ẹlẹ́rìí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ètò tí kò gba kọ̀ǹpútà, tí kò gba iná mànàmáná ni. Èyí tó bani nínú jẹ́ ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ìwé àjákọ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ló kù tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ìyẹn.

Ohun tó ń mú ìwé sọnù pọ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Òjò á bá ọmọ lọ́nà láàrin Ọ̀dẹ̀dá àti oko, tí kò ní ọ̀rá tó lè fi wé ìwé. Ewúrẹ́ á wọ yàrá. Àbúrò á fi bírò ya ọkọ̀ sí i lójú. Kẹrosíìnì á dà sí i lórí tábìlì. Àwọn òbí á kó lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn ìkórè, ìwé á wà nínú ẹrù tí wọn kò tíì tú. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọmọ tó yá a ló tún un yá fún ọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ náà tún yá a fún ẹlòmíràn, tó fi jẹ́ pé àtubọ̀tán rẹ̀, ewé ìwé náà ni alákàrà fi ń pọ́n àkàrà. Ọmọ tí òjò pa ìwé rẹ̀ àti ọmọ tó fi ìwé tọrẹ kì í ṣe ẹgbẹ́. Ilé-ìwé tó bá fi òṣùwọ̀n kan wọn àwọn méjèèjì ń kọ́ àwọn ọmọ pé òtítọ́ kò lérè.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iye owó. Iye tí wọ́n kọ sínú rẹ́jísítà ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò lè ra bébà tí wọn yóò fi pọ́n ìwé náà lónìí. Bí ilé-ìwé bá gba iye àtijọ́, òfo ni. Bí ó bá ní kí òbí san iye tí ìwé náà ń lọ ní ọjà lónìí, pàápàá láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù Okúdù ọdún 2023, igbe á ta. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ bébà kan sì wà ní Ìwópin, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970; kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹn dọjọ́ mìíràn. Ìwé mìíràn sì wà tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, tí owó kò tilẹ̀ lè wá a rí.

Gbogbo èyí ló ń mú kí ọ̀gá ilé-ìwé ronú pé kí òun kúkú ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ìkà. Òun ni wọn yóò bi léèrè nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò ilé-ìwé bá dé, tí wọ́n bá ka ìwé tó wà nínú rẹ́jísítà tí wọ́n sì ka ti orí pẹpẹ, tí iye méjèèjì kò bá bára mu. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè iye ọmọ tó ka ìwé náà. Nítorí náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ikán ti bá ìwé náà délẹ̀. Ikán kì í kọ orúkọ sí káàdì, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó sọnù lọ́wọ́ ọmọ tiẹ̀ sàn díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti kà á dé ìdajì.

Àwọn aládìrẹ Ìtòkú mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo aṣọ ló ń jáde dáadáa nínú ìkòkò aró. Wọn kò torí ìyẹn da aró nù. Wọ́n ti ka èyí tí yóò bàjẹ́ mọ́ owó iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún ilé-ìkàwé. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ sọ ọ́ kedere pé ilé-ìkàwé wà lára ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀kọ́, àti pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náwó lé e ní gbogbo ilé-ìwé rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé ti ọdún 2004 sì ti ya owó sọ́tọ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀, èyí tí ìpínlẹ̀ yóò fi tirẹ̀ kún. Ríra ìwé tuntun ni àwọn olóṣèlú fẹ́ràn, torí wọ́n lè pe àwọn oníròyìn wá ya fọ́tò. Owó láti fi rọ́pò èyí tó gbó tàbí tó sọnù kò ní fọ́tò nínú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀gá ilé-ìwé lè yọ kúrò nínú rẹ́jísítà lọ́dún, bí àlàyé bá wà, láìjẹ́ pé wọ́n fi lẹ́tà ìbéèrè ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ti mọ̀ pé wọn kò ní í tìtorí ìwé mẹ́ta bá òun wí ni yóò tó lè ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn kan yóò sọ pé bí wọn kò bá gba owó ìtanràn, àwọn ọmọ á kó gbogbo ìwé lọ. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà fòpin sí owó ìtanràn ìwé tó pẹ́ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2019, New York sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021, nítorí wọ́n rí i pé àwọn tálákà ni owó náà ń lé kúrò ní ilé-ìkàwé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣì í gbọ́: ẹni tó bá sọ ìwé nù pátápátá ṣì ní láti san án. Ìwé tó pẹ́ yàtọ̀ sí ìwé tó sọnù. Nínú ìlú New York yìí kan náà, ìwé òfin kan tí George Washington, ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́, yá ní ọdún 1789 kò padà síbẹ̀. Ọdún 2010 ni àwọn tó ń tọ́jú ilé rẹ̀ wá ẹ̀dà mìíràn irú rẹ̀ rà, tí wọ́n gbé e lọ fún ilé-ìkàwé náà. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lórí gbogbo ọdún tó ti kọjá. Ìwé ni wọ́n jẹ, ìwé ni wọ́n fi san án.

Irú èyí ló bá ilẹ̀ wa mu. Kí òbí tó lè rí irú ìwé náà rà á padà. Èyí tí kò bá rí i, kí òun àti olùkọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ìwé mìíràn tó níye lórí bíi tirẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, kí wọ́n jẹ́ kó san án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni dá èésú. Ọmọ tó jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, kí iṣẹ́ ọwọ́ tó ìyà fún un: kó jókòó ti olùkọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, kó fi abẹ́rẹ́, òwú àti gọ́ọ̀mù tún ìwé márùn-ún tó ti ya ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe tìtorí ìwé kan dá ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, tàbí kí wọ́n dá èsì rẹ̀ dúró. Òbí tó ní owó, tó ń ra aṣọ ẹbí lóṣooṣù, tó sì kọ̀ láti san owó ìwé, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ mọ ilé irú wọn, kí wọ́n lọ bá a níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ òtítọ́ yòókù pẹ̀lú. Àwọn ọmọdé nìkan kọ́ ló ń jẹ ilé-ìkàwé ní gbèsè. Olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí ibòmíràn tó kó ìwé mọ́ ẹrù wà, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ti di lọ́yà tàbí dókítà tí ìwé olóǹtẹ̀ ilé-ìwé sì wà ní pálọ̀ rẹ̀ títí di òní náà wà. Ọdún Lísàbí máa ń kó àwọn ọmọ Ẹ̀gbá wálé láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti òkè òkun. Bí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá gbé àpótí kan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, tí ẹnikẹ́ni tó bá rí òǹtẹ̀ ilé-ìwé lẹ́yìn ìwé rẹ̀ lè wá ju ú sínú rẹ̀ láìsí pé wọ́n béèrè orúkọ, ohun tí yóò tinú rẹ̀ jáde lè ya ènìyàn lẹ́nu.

Sáà ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò bá tún dé àwọn ilé-ìwé ní Ewékorò, Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ọ̀dẹ̀dá àti àárín Abẹ́òkúta, kí wọ́n má ka èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nìkan. Kí wọ́n béèrè pé ìwé mélòó ló wà níta, lọ́wọ́ àwọn ọmọ, lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì ní kí ọ̀gá ilé-ìwé fi káàdì wọn han àwọn.