Ṣéńjì Ilé Wa Dà?

 

Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí oníbàárà bá na ₦1,000 sí yín, tó ra ata ₦700, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó wá ₦300 fún un. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ ó ránṣẹ́ sí ìsọ̀ kejì kí wọ́n bá yín ṣẹ́ owó. Bí ẹ bá ní kò sí ṣéńjì, tí ẹ ki gbogbo owó náà bọ àpò, ariwo tó máa sọ lọ́jà lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí kọ̀ńdọ́ bá fẹ́ jẹ ₦50 yín, mọ́tò yẹn ò ní kúrò lójú kan.

Wàyí o, obìnrin kan náà yìí ni wọ́n máa lu ilé rẹ̀ ní gbàǹjo ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, torí gbèsè tí kò tó ìdajì owó ilé. Á kó ẹrù rẹ̀ lóru, á fi ìborùn bojú, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni pé: ṣéńjì mi dà? Ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin wa, a sì mọ̀. Ó tó gẹ́ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N ò sọ pé ká má san gbèsè. Ẹni tó yáwó, kó san án. Èlé tó fọwọ́ sí, kó san án. Bí kò bá rí i san, tó sì jẹ́ pé ilé ló fi dógò, ẹni tó yá a lówó lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilé náà bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tí mò ń bá jà ni pé wọ́n á ta ilé tán, wọ́n á mú gbèsè wọn, wọ́n á tún mú èyí tó kù. Èkejì yẹn kì í ṣe gbígba gbèsè mọ́. Olè ni.

Òfin ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Property and Conveyancing Law. Lára àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti ara Ìwọ̀-Oòrùn tó jogún rẹ̀ ni Ọ̀yọ́ tiwa yìí, Ògùn, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì. Èkó ní tirẹ̀, Mortgage and Property Law ti ọdún 2010. Ohun tí òfin 1959 sọ ò le: ẹni tó ta ilé tí wọ́n fi dógò lọ́dọ̀ rẹ̀, owó tó gbà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ó ń tọ́jú ẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó kàn ni. Àkọ́kọ́, á yọ ohun tí wọ́n ná láti fi ta ilé. Èkejì, á yọ gbèsè àti èlé. Bí ilé kan náà bá tún dúró fún gbèsè ẹlòmíì lẹ́yìn tirẹ̀, ẹni yẹn ló kàn. Gbogbo ìyókù, ti onílé ni. Bí onílé bá ti kú, ti àwọn ọmọ tó jogún rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò ó. Ẹ sọ pé gbèsè àti èlé jẹ́ ₦4,200,000 lọ́jọ́ tí wọ́n ta ilé. Wọ́n tà á ní ₦11,000,000. Ìkéde, owó onígbàǹjo, owó lọ́yà, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ ₦400,000. Ẹ yọ ₦400,000 kúrò, ó ku ₦10,600,000. Ẹ yọ gbèsè, ó ku ₦6,400,000. Ṣéńjì nìyẹn. Ó ju gbèsè tí wọ́n torí ẹ̀ ta ilé lọ! Èyí ló yẹ kí obìnrin náà fi gba yàrá, kó san owó ilé ìwé ọmọ, kó tún ìsọ̀ rẹ̀ kó. Ta ló wá ń ná an báyìí?

Àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ yìí kí òyìnbó tó kó òfin tirẹ̀ dé. Nígbà tí wọ́n ń fi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ló dúró fún èlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá san ojú owó, ìwọ̀fà á dìde, á gba ilé lọ. Olówó ò lè sọ pé òun ti rà á. Ìyà wà nínú ìwọ̀fà, ó sì dára bó ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ilé tí ẹ fi dógò, ìwọ̀fà ni. Ẹ ò tíì tà á. Kí wọ́n tó bá ẹni tó fẹ́ rà á ṣe àdéhùn títà, ẹ lè wá owó, kẹ́ ẹ fi rà á padà. Bí wọ́n bá sì ti tà á, ohun tó bá kù nínú owó rẹ̀ ló rọ́pò ilé fún yín.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kìlọ̀ nípa àwọn olówó gbọ́múlélántà. Àwọn kan nínú wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ yáwó. Ìwé “mo ti ta ilẹ̀ mi” ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí, wọ́n á ní torí ká lè tètè rí i ṣe ni. Ẹ̀tàn ni! Wọ́n fẹ́ sọ ìwọ̀fà di ẹrú ni. Ẹni tó ti tà, ṣéńjì wo ló tún fẹ́ béèrè? Ilé-ẹjọ́ lè wò ó kó rí i pé owó yíyá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wá ẹ̀rí tì í, ìyẹn ò sì rọrùn. Ẹ má fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá lọ béèrè, oríṣiríṣi àwáwí lẹ máa bá lọ́hùn-ún.

Wọ́n á ní, “Màmá, kò ṣẹ́ kù nǹkan kan.” Ẹ ní kí wọ́n kó ìwé ìṣirò jáde. Ẹni tí ò jẹ gbèsè ìṣirò kì í sá fún bírò. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí owó lọ́yà lẹ́ẹ̀mejì, owó ìrìnnà, owó àyẹ̀wò, owó tí ò lórúkọ. Ohun tí wọ́n bá lè fi rìsíìtì gbè lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ gbà.

Wọ́n á ní, “Ilé ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.” Ilé lè ti lọ lóòótọ́. Owó ilé ńkọ́? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ayánilówó fi lè gba ilé pátápátá, tí ò sì ní sí ṣéńjì. Ìyẹn ni kó gba ilé-ẹjọ́ lọ, kí adájọ́ pa á láṣẹ pé ilé ti di tirẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín sírú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má jókòó sílé. Ẹ wá lọ́yà, kó bẹ adájọ́ pé kí wọ́n kúkú ta ilé náà, torí bí wọ́n bá tà á, ìyókù owó á padà sọ́dọ̀ yín.

Wọ́n á tún ní, “Ọkọ yín ti wá gbà á.” Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ o. Ilé tí ẹ̀yin àti ọkọ jọ kọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ra bíríkì, tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ nìkan ló wà nínú ìwé, ọkọ ni wọ́n máa pè. N ò dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ pé kí orúkọ yín wà níbi tí òógùn yín wà, kí ọjọ́ burúkú tó dé.

Ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n tà á ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ṣéńjì ti ń sọnù. Ilé tó yẹ kó lọ ní mílíọ̀nù mọ́kànlá, tí wọ́n bá tà á ní mílíọ̀nù márùn-ún, ṣéńjì ti tán kẹ́ ẹ tó béèrè. Ní ọdún 1973, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Eka-Eteh àti Nigeria Housing Development Society pé, bí wọ́n bá ta ilé ní owó pọ́ọ́kú, ìyẹn nìkan ò tó láti fi da títà náà nù, àfi bí ẹ̀tàn bá wà níbẹ̀ tàbí tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá lẹ̀dí àpò pọ̀. Ẹ rí i pé ẹkún lẹ́yìn gbàǹjo ò ràn án. Àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ká tó dé gbàǹjo la ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti rí i pé gbèsè ò ní ṣeé san, ẹ lọ bá báńkì fúnra yín, kí wọ́n gbà kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa ra ilé ní owó gidi. Bó bá di gbàǹjo tipátipá, ẹ jẹ́ kí ojú yín wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń rà. Bí ẹ bá rí i pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tàbí mọ̀lẹ́bí ọ̀gá ibẹ̀ ló rà á, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi tó lọ́yà létí kíákíá.

Ohun tó yẹ ká ṣe nìyí:

1. Ìwé yòówù tí ẹ bá fọwọ́ sí, ẹ gba fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ má fọwọ́ sí i.

2. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n bá kọ sí yín, ẹ má yà á. Ẹ tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á sí i lẹ́yìn.

3. Lẹ́yìn gbàǹjo, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹnu lásán ò tó. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ta ilé, ọjọ́ tí wọ́n tà á, ẹni tó rà á, iye tí gbèsè jẹ́ lọ́jọ́ náà, ìnáwó pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, iye tó kù àti ibi tó wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.

4. Bí wọn ò bá dáhùn, tó bá jẹ́ báńkì tàbí microfinance tó ní ìwé àṣẹ, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Central Bank. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council, tàbí àwọn obìnrin lọ́yà FIDA. Àwọn tó wà ní Èkó ní Citizens Mediation Centre, tí wọn kì í gba owó. Bó bá kọ̀, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ fún ayánilówó pé kó wá ṣírò owó náà níwájú òun.

5. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Òfin ń fún ẹjọ́ ní gbèdéke. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín gbà á kẹ́ ẹ fún òun ní ìdajì, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè fúnra yín.

Ìkìlọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà. Níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ṣéńjì gbàǹjo máa ń wà lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní county, títí onílé á fi wá béèrè. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá irú onílé bẹ́ẹ̀ kiri, kí wọ́n sì gba nínú owó tí onílé ì bá gba fọ́ọ̀mù bu fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi hàn pé ẹni tó bá béèrè ló ń rí gbà. Ìyá àgbà kan ní Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, jẹ owó orí ilé tó tó $2,300. Èlé àti owó ìtanràn sọ ọ́ di nǹkan bí $15,000. County Hennepin ta ilé náà ní $40,000, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sápò. Ìyá ní $25,000 tó lé, tòun ni. Ó pẹjọ́. Ó fìdí rẹmi nísàlẹ̀, kò padà lẹ́yìn, ó gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló gbè é. Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ sí gbèsè rẹ̀, wọ́n ní, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ju gbèsè lọ. Ẹni ọdún 94 ni ìyá náà. Ta ni nínú wa tó máa ní òun ti dàgbà jù láti béèrè?

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹgbẹ́ wa ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, kí inú má bí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ń yáwó, ẹni márùn-ún ló ń tẹ̀lé ara wọn lọ tọwọ́ bọ̀wé. Lọ́jọ́ gbàǹjo, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, a ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìsọ̀, a ní ó jẹ gbèsè jù. Ìtìjú tí a fi ń lé e kiri yìí náà ni àwọn tó kó owó rẹ̀ ń jẹ. Bí a bá dákẹ́ fún wọn, àwa là ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mo ń dá a lábàá pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, ká yan obìnrin mẹ́ta tó mọ̀wé, tó sì lẹ́nu. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti fẹ́ lu ilé ọmọ ẹgbẹ́ ní gbàǹjo, kí wọ́n bá a lọ, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ná an àti iye tí wọ́n tà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n bá a kọ lẹ́tà, kí wọ́n sì bá a gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má gba kọ́bọ̀ nínú ṣéńjì ẹni ẹlẹ́ni. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra ilé ẹnìkejì rẹ̀ ná an bó ṣe tó, kó má fi ìpọ́njú rẹ̀ ṣèrè.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti ta ilé yín rí, ẹ wá ìwé yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ mú un dání wá sí ìpàdé. Ká jọ wò ó bóyá ṣéńjì ṣì wà níbẹ̀.