Omi Ilé Kò Mọ Ọmọ Onílé

Ẹ̀yin ará wa ní Sábọ́n-Gàrí, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, a kì í pẹ́ ra aṣọ ẹbí tí a ó wọ̀ relé. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà jẹ̀funjẹ̀fun, a ó ní, "Omi tí a fi wẹ̀ wá ní kékeré kò lè pa wá." Irọ́ ni! Kòkòrò inú omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin kò mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Ó lè dá ìfun ẹnikẹ́ni lu. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó wọkọ̀. Èyí tí a sáré gbà lọ́jọ́ ìrìnàjò kò ní tíì ṣiṣẹ́ kí a tó délé. Síbẹ̀, ẹ máa se omi mu, nítorí abẹ́rẹ́ nìkan kò dí gbogbo ọ̀nà. Ilé là ń lọ kí. Ẹ má jẹ́ kí ó di ilé ìwòsàn.