Ìbéèrè Tí Ọmọ Mi Bi Mí

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin tíṣà mi, mo ka ìwé The Bluest Eye, tí Toni Morrison, obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1970. Pecola, ọmọ ọdún 11, ń gbàdúrà kí ẹyinjú òun di búlúù, kí àwọn ènìyàn lè fẹ́ràn òun. Níkẹyìn ó gbà pé ó ti dà bẹ́ẹ̀. Àṣé orí rẹ̀ ló dàrú.

Ojú tì mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi ìpara bó ara. (Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo ń rí oríkèé ìka yín lọ́jà.) Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọmọbìnrin mi wí pé: “Màmá, ìgbà wo ni èmi náà yóò pupa bíi yín?”

Mo ní kó lọ sùn. Mo ti da ìpara náà nù, ṣùgbọ́n n kò tíì dá a lóhùn.